Ibi Tí Gẹ̀ẹ́sì Ti Dákẹ́

Ọjọ́ tí Kúlúsúmù jáde opó, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá géérégé, ilé fídíò Mansur ló gbà lọ. Ẹ̀yin ará Ẹdẹ, ẹ kúkú mọ ara yín: kó tó rìn dé ìdajì ọ̀nà, ẹnu ti ń kùn. Opó tuntun, ilé fídíò! Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ẹni tó kàn ló mọ̀.

Tíṣà ni Bùràímọ̀ ọkọ rẹ̀, ní Sekona. Nígbà tí ìjọba ológun ní ká mú un mọ́ra, tí mílíìkì di ohun tí à ń tò fún láti àárọ̀, ìgbádùn kan ṣoṣo tó kù fún tọkọtaya náà ni fíìmù Ṣáínà kan tí Mansur máa ń fi hàn lọ́sàn-án Sátidé. Wọ́n ti fi Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn Ṣáínà náà lẹ́nu, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ti gbó. Bó bá dé àárín, níbi tí jagunjagun ti ń dágbére fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ohùn á lọ pátápátá. Ẹnu á máa mì, ọ̀rọ̀ ò ní jáde. Bùràímọ̀ ló máa ń bá wọn fi Yorùbá dí i.

"Ìyàwó mi, mo ń lọ o. Mílíìkì ti wọ́n, ọ̀tá tún pọ̀. Bí mo bá pẹ́, má jókòó sẹ́nu ọ̀nà o, òtútù á mú ọ."

Kúlúsúmù, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan, á gbà á lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé òun gan-an ni obìnrin Ṣáínà náà:

"Ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire. Ibi tẹ́ ẹ fi mí sí náà lẹ ó ti bá mi."

Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé irọ́ ni Bùràímọ̀ ń pa. Ta ni kò mọ̀? Irọ́ náà ló dùn.

Ibà ọjọ́ mẹ́rin ló mú Bùràímọ̀ lọ, nígbà tí oògùn ti di àwátì. Sìmbíátù, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wà nílé ọkọ ní Awo. Ilé wá dá páro. Nínú opó, kò sóhun tí Kúlúsúmù ń fẹ́ ju kó tún jókòó síwájú ibi tí fíìmù yẹn ti ń dákẹ́. Ó dá a lójú pé bí ẹnu jagunjagun bá ti ń mì, ohùn ọkọ òun á tún bọ́ sí òun létí.

Mansur sáré pàdé rẹ̀. "Ìyá Sìmbí, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Mo ti rí odidi fíìmù Ṣáínà yẹn ní Òṣogbo o! Gẹ̀ẹ́sì pé pérépéré."

"Ti àtijọ́ ńkọ́?"

"Mo fi ṣe pààrọ̀ ni, Ìyá. Ẹ mọ bí ìlú ṣe rí."

Kúlúsúmù wọlé. Ó jókòó. Nígbà tí fíìmù dé ibi ìdágbére, jagunjagun la ẹnu, ohùn Òyìnbó ńlá kan sì jáde. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Inú bí Kúlúsúmù débi pé ó dìde.

"Mansur, dákun, bá mi pa á lẹ́nu mọ́."

"Kí ló dé? A sanwó o!" làwọn kan ń ké.

Mansur wo ojú rẹ̀, ó sì rántí Bùràímọ̀. Ó dá fíìmù padà sẹ́yìn díẹ̀, ó pa ohùn.

Ẹnu jagunjagun ń mì. Kúlúsúmù tẹ́tí, ó tẹ́tí títí. Kò gbọ́ nǹkan kan àfi jẹnẹrétọ̀ tó ń kùn lẹ́yìnkùlé. Jagunjagun sọ tirẹ̀ tán, ó dúró. Obìnrin náà gbójú sókè. Ó kàn án láti fèsì.

"Ẹ lọ ire," ni Kúlúsúmù wí. Kò lè pe "ẹ bọ̀ ire." Ó bọ́ sórí ìyókù: "Ibi tẹ́ ẹ fi mí sí náà lẹ ó ti bá mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.