Kòtò Gáàsì Ẹ̀gbẹ́ Sàréè Alhaji

Alhaji Múdàṣírù kò fẹnu kan ọtí rí títí ọlọ́jọ́ fi dé. Àdúgbò tí wọ́n bá ti ń ta ọtí, yóò ya gba ibòmíràn ni. Ọkùnrin náà le! Ọdún mẹ́rin rèé tí wọ́n ti sin ín sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, bí wọ́n ṣe ń sin àwọn àgbà ìdílé wọn, tí wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì bò ó. Mọ̀nsúrát, àkọ́bí rẹ̀, ló ń gbé ilé náà pẹ̀lú Fàthíà ọmọ rẹ̀. Mọ́ínmọ́ín ló ń sè tà.

Mọ́ínmọ́ín kì í tètè jinná, gáàsì sì ti di ohun ọlọ́lá. Nígbà tí Mọ̀nsúrát gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ní Ìgándò, tó ń se ọtí jáde lára ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti èso kajú, ń wá ẹni tó máa gba gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ń ṣẹ́kù, ó ní kí wọ́n máa gbé e bọ̀. Abdulsobur, bíríkìlà ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan, gbẹ́ kòtò, ó mọ ògiri sí i nínú, ó sì dé e pa. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á kẹ̀ sínú ibẹ̀, gáàsì tó bá tú jáde á gba inú rọ́bà lọ sídìí sítóófù.

Kó tó gbẹ́ ẹ, gbogbo ẹ̀yìnkùlé ló le bí òkúta, àfi ẹ̀gbẹ́ sàréè. Mọ̀nsúrát fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, ó rọ̀. Ó ní, "Gbẹ́ ẹ síbí jàre." Kò bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí ilẹ̀ ibẹ̀ fi rọ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ rí, ṣé ó tún máa ń le bíi tàtijọ́ ni?

Iná náà dára, kò léèéfín. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe díẹ̀, bí oòrùn bá ti kan àtàrí, nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í mí lábẹ́ sìmẹ́ǹtì Alhaji. Á mí, á dákẹ́, á tún mí. Òórùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó kíkan á sì gba ibẹ̀ kan. Fàthíà kọ̀ láti sáṣọ sẹ́yìnkùlé mọ́.

Ìdíátù, àbúrò Alhaji, wá kí wọn, ó gbé etí lé sàréè náà, ó sì dìde wàrà.

"Mọ̀nsúrát, ẹ̀gbọ́n mi ń bínú. O ò rí ibòmíì da ọtí sí?"

"Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni, Màámi, kì í ṣọtí."

"Ṣé òun lo máa sọ ìyẹn fún?"

Ẹ̀rù ba Mọ̀nsúrát dénú egungun. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti kírun àlàásárì tán, á kúnlẹ̀ síbẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Oúnjẹ ọmọ ni mò ń wá." Oòrùn á rọlẹ̀, mímí náà á sì rọlẹ̀. Ó gbà pé bàbá ń gbọ́. Ó tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí kò rójú sọ fún un nígbà ayé rẹ̀, ara sì ń tù ú.

Lọ́jọ́ kan òjò rọ̀, ó rí ìfófòó tó ń hó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìmẹ́ǹtì náà. Iná sítóófù náà kò sì lágbára mọ́. Ó ránṣẹ́ pe Abdulsobur. Ìyẹn yẹ kòtò wò yíká, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Fàthíà, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí òkú kankan tó ń bínú. Ilẹ̀ ibí ló rì, ògiri kòtò là nísàlẹ̀. Gáàsì tó ń gba abẹ́ sàréè jáde lẹ̀ ń gbọ́."

"Gáàsì nìkan?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Abdulsobur. Ó wo sàréè, ó wo ilẹ̀. "Àti omi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà, mà."

"Látìgbà wo?"

"Á ti tó oṣù mẹ́ta."

Òkú tó ń bínú ṣeé bẹ̀. Èyí kò bínú rárá. Ó kàn sùn síbẹ̀ ni, omi ọtí ń rin ín, kò sì lẹ́nu tó fi máa ní ó tó.

Mọ̀nsúrát kígbe, ó sáré gbé garawa omi láti fi wẹ bàbá rẹ̀. Abdulsobur di garawa náà mú.

"Ẹ má dà á, mà. Omi yìí ló máa tún ti omi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà wọ inú sàréè sí i."

Mọ̀nsúrát dúró nínú oòrùn pẹ̀lú garawa omi náà lọ́wọ́, kò mọ ibi tí yóò dà á sí.