Olùkọ́ Tó Ń Bo Àwòrán

Ojú tí èèyàn fi ń wo gbọ́mọgbọ́mọ ni Loretta Kubiak fi ń wo ọ̀dọ́bìnrin àlejò tó jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀. Ìwé kékeré kan wà lórí itan onítọ̀hún, ó sì ń kọ nǹkan sí i láìsinmi. Kí ló ń kọ? Ta ló fẹ́ gbé e fún?

Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí Loretta ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní ìlú kékeré yìí, ní Ohio, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àfi bí ìjọba ṣe gbé òfin dé lójijì: gbogbo olùkọ́ gbọ́dọ̀ lọ gba ẹ̀kọ́ tuntun lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, ọ̀nà tí ìwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí kò bá lọ, kò ní kọ́ kíláàsì kìíní mọ́. Ẹ ò rí nǹkan! Òun tí àwọn òbí ń bẹ̀ kó gba ọmọ àwọn! Ló bá sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé, "Ẹ rán ẹni tó bá wù yín wá. Bí àwọn ọmọ mi ò bá mọ ìwé kà, màá lọ gba ẹ̀kọ́ náà." Brooke Tillery ni wọ́n rán, ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, òun ló jókòó sẹ́yìn tó ń kọ nǹkan yẹn.

"Delaney, ọmọ dáadáa, wá kàwé fún àlejò wa," ni Loretta sọ fún ọ̀kan lára àwọn ọmọ rẹ̀.

Delaney ka ìwé ẹṣin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò kọsẹ̀ rárá. Inú Loretta dùn dẹ́yìn.

"O káre," ni Brooke wí. Ó ṣí ìwé náà padà sí àárín, ó lẹ pépà bo àwòrán ibẹ̀. "Tún ka ibí yìí fún mi."

Delaney wo àjà ilé. Ó wo ẹnu Loretta.

"Ọgbọ́n àrékérekè rèé o!" Loretta ti gbaná jẹ. "O gbé àwòrán pamọ́, kí lo fẹ́ kí ọmọ fi mọ̀ ọ́n?"

"Àwọn lẹ́tà tó wà níbẹ̀ ni, mà."

"Lẹ́tà kọ́, ìwọ lo dẹ́rù bà á. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé wọ́n rán ẹ wá lé mi ni?"

"Wọn ò rán mi wá lé yín, mà. Báyìí gan-an ni èmi náà ṣe kọ́ àwọn ọmọ tèmi fún ọdún mẹ́rin."

Irọ́ ni, Loretta sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn lásán. Ó ja páálí ìwé tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú, ó fa ọ̀kan yọ tó rọrùn ju ti ẹṣin lọ, ó sì jókòó ti ọmọ náà pẹ́kípẹ́kí.

"Má wo àlejò yẹn rárá. Èmi ni kó o kà á fún."

Delaney tẹjú mọ́ ìlà àkọ́kọ́ títí. Nígbà tó gbójú sókè, ẹ̀rù ò bà á, ó kàn yà á lẹ́nu ni.

"Ṣùgbọ́n Mísíìsì Kubiak, ẹ ò tíì ka èyí fún wa."

Àwọn ọmọ yòókù ń mi orí pé òótọ́ ló sọ. Àyà Loretta já. Láràárọ̀ ló ń kọ́kọ́ ka ìwé sókè fún wọn, tí wọ́n á sì máa gbè é lẹ́yìn títí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n sórí, tí òun á máa yìn wọ́n. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé. Ìtìjú bò ó, kò lè wo Brooke lójú. Àwọn tó ti kọ́ tó sì ti yìn lọ, ta ló wá kọ́ wọn ní ìwé kíkà?