Pẹ́ńtì Pupa Lára Kòkó

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ èyí, ẹ má ní kí n sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ọkọ mi, Gbádéyan, kì í ṣe òmùgọ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni, oko tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un lọ́nà Agbábù, níbí ní Odìgbó, ló fi ń tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n owó kòkó já wálẹ̀ lọ́dún yìí, àkọ́bí wa, Olúwagbémiga, sì wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n ní bí kò bá sanwó kò ní ṣèdánwò. Ojú pọ́n wa.

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Eli dé, pẹ̀lú bàtà òjò àti irinṣẹ́ àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Ó ní iléeṣẹ́ tó fẹ́ wa bítúmẹ́nì, ọ̀dà dúdú abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe títì, ló rán òun, wọ́n á sì san owó gbà-máà-bínú lórí igi kòkó kọ̀ọ̀kan. Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé bítúmẹ́nì máa sọ wá dolówó, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti gbà á gbọ́. Ó fi pẹ́ńtì pupa sàmì sára àwọn igi wa. Ó ní ká wá owó ìforúkọsílẹ̀ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oko ẹlòmíràn ni wọ́n á mú.

"Bàbá Gbémiga, ẹ wò ó, ta ló fẹ́ fún èèyàn lówó tó tún ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Motún, jọ̀ọ́. Ṣé o rí owó níbòmíràn ni?"

N kò rí.

Ọkọ mi ní òun á fi oko dógò fún Àlàájì Hàbíb, tó ń ra kòkó l'Ọ̀rẹ̀: Àlàájì á yá wa lówó, á sì máa ká kòkó wa títí a ó fi san án. Àlàájì ní òun á kọ́kọ́ wá wo oko lọ́jọ́bọ̀. Ibẹ̀ lẹ̀rù ti ba ọkọ mi. Lọ́dọ̀ wa, igi tí ẹnì kan bá ti sàmì sí, ẹlòmíràn kì í fọwọ́ kàn án. Bí Àlàájì bá rí pẹ́ńtì yẹn, á ní a ti fi oko náà dógò fún ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ mi mú àdá, ó ní òun ń lọ roko.

Nígbà tí èmi, ọkọ mi àti Àlàájì dé oko lọ́jọ́bọ̀, igi àkọ́kọ́ tí mo rí, mo figbe ta. Ọkọ mi ti fi àdá họ pẹ́ńtì náà kúrò, ó họ èèpo mọ́ ọn, ó họ gbogbo ojú tí òdòdó ti ń yọ lára igi. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe káàkiri oko. Ọmọdé Odìgbó mọ̀ pé ara ìtí igi ni kòkó ti ń so, ojú tí àdá bá sì ti họ dànù, kì í so mọ́. Ọkọ mi mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Òun ló máa ń bá àwọn lébìrà jà pé kí wọ́n má fi àdá ṣá ojú igi. Ìdààmú ló gba ọgbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀.

Àlàájì fọwọ́ kan egbò igi kan. "Gbádéyan, kí ló dé?"

Ọkọ mi sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Eli? Ó ti gbowó àwọn ará Ago Aláyé, wọ́n ń wá a. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ síta." Àlàájì mí kanlẹ̀. "Ẹ dúpẹ́ pé kò rí kọ́bọ̀ yín gbà. Ṣùgbọ́n n kò lè gba oko yìí. Kí ni mo fẹ́ ká níbẹ̀?"

Bí Àlàájì ṣe gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ ni fóònù ọkọ mi dún. Eli ni. "Bàbá, ṣé owó ti délẹ̀?"

Mo já fóònù náà gbà. "Olè! Kọ́bọ̀ wa kò ní dé ọwọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n o ti ba oko wa jẹ́." Mo bú u títí ó fi pa á mọ́ mi létí.

Nígbà tí mo yíjú padà, ọkọ mi ti kúnlẹ̀ sídìí igi kan, ó ń ṣa àwọn òdòdó kòkó kéékèèké tó ti já sílẹ̀. Ó fi itọ́ lẹ ọ̀kan mọ́ egbò igi. Ó já bọ́. Ó tún mú òmíràn.