Lékeléke Orí Èèkàn

Ojú àpọ́nlé kọ́ ni Saheedat fi ń wo Bọ́dúndé. Ọgbọ̀n ọdún ni obìnrin yìí fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní àwòrán yíyà kó tó fẹ̀yìntì, gbogbo àárọ̀ Sátidé ló sì ń ti Ọbaníkòró wá sí etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, wá fi ọ̀dà olómi ya ẹyẹ. Ta ló ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́kùnrin yìí, tó gbé agboòrùn àti tábìlì dání, bí ẹni tó fẹ́ ta káàdì fóònù?

Lékeléke kan dúró lórí èèkàn nínú omi. Saheedat tẹjú mọ́ ọn. Kò fi ọ̀dà funfun kàn án rárá. Òjìji abẹ́ apá rẹ̀ ló kùn, ó jẹ́ kí funfun bébà ṣe ìyókù. Bọ́dúndé ní tirẹ̀ kẹ̀yìn sí ọ̀sà. Lékeléke inú fóònù ló ń wò yà, ó ń da ọ̀dà funfun lé e bí ẹni ń kun ilé.

"Mà, ẹyẹ tiyín ò tiẹ̀ mira," ló wí.

Saheedat yínmú. "Ẹni tó bá mọ ẹyẹ wò, ẹyẹ á dúró dè é."

Leah, tó ń yan ẹja nítòsí, wá yọjú wo iṣẹ́ wọn. Ó wo ti Bọ́dúndé, ó bú sẹ́rìn-ín. "Adìẹ àgíríìkì rèé!"

Inú Saheedat dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Leah wo tirẹ̀, ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

"Mọ́mì, kí lẹ yà sí i lẹ́sẹ̀ yìí?"

"Fọ́nrán kan ni. Ohun tí mo rí ni mo yà."

"Okùn àwọ̀n ni! Ó ti so ẹyẹ mọ́ èèkàn. Láti ìgbà wo lẹ ti rí i?"

"Bíi wákàtí kan…"

"Wákàtí kan! Ẹ rí i, ẹ wá jókòó tì í, ẹ ń kùn ún. Ìwé yín mà pọ̀ o."

Leah wọ ọkọ̀, ó wà á débẹ̀, ó da ìborùn bo ẹyẹ náà lórí, ó sì fi ọ̀bẹ ẹja gé okùn. Ẹyẹ ṣá a lọ́wọ́ kó tó fò lọ, ẹsẹ̀ kan ń mì dirodiro.

Ìtìjú bo Saheedat. Nígbà tí Leah gúnlẹ̀, ó lọ bá a nídìí ààrò.

"Ẹ bá mi fẹ́ná," ni Leah wí, kò wojú rẹ̀.

Saheedat kúnlẹ̀ sínú eérú, ó ń fẹ́ná. Bọ́dúndé sún mọ́ ọn, ó ní ṣé òun lè fi fóònù ya àwòrán rẹ̀.

"Yà á," ló dáhùn, èéfín ń ta á lójú. "Ṣebí gbogbo ohun tó o mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn."