Ilé Onígi tí Ògúndélé Kọ́ sí Boni

Ògúndélé káfíńtà kò lo ìṣó kankan nígbà tó ń kọ́ ilé oko rẹ̀ ní Boni, lẹ́bàá Savè. Ó ri òpó ìrókò mẹ́jọ mọ́lẹ̀, ó gbẹ́ ihò sí wọn lára, ó ki ẹnu àwọn igi tó dábùú bọ inú ihò náà, ó sì fi èèkàn igi há wọn pa. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a hun bí agbọ̀n ló dí àárín òpó, amọ̀ ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Madeleine ìyàwó rẹ̀ ló po amọ̀ náà, pẹ̀lú oyún François nínú.

Ọdún kejì lẹ́yìn tí Dahomey gba òmìnira ni Ògúndélé kú. François ti di olùkọ́ ní Savè, ó ń kọ́ ilé tirẹ̀ níbẹ̀. Dieudonné àbúrò rẹ̀, tó ń ṣe àgbẹ̀, àti ìyá wọn ló ń gbé inú ilé oko. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò.

Lọ́jọ́ kan, François gbé kàmíọ́, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, dé.

"Ìyá, igi tèmi nínú ogún bàbá wa ni mo wá kó. Òpó mẹ́rin péré."

"Ilé tí mo ń gbé lo fẹ́ pín?"

Dieudonné fi ìbínú jáde, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ kó o! Ẹ kó tiyín lọ, kí n má rí yín ní Boni mọ́!"

"Igi wọ̀nyí di ara wọn mú ni," Madeleine ń bẹ̀ wọ́n. "Èmi ni mo na èèkàn sí bàbá yín nígbà tó ń kọ́ ọ. Bí ẹ bá yọ ìdajì, ìyókù ò ní dúró."

Wọn ò gbọ́. Wọ́n kó ẹrù ìyá wọn síta, François sì yọ òpó mẹ́rin. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìdajì tó kù fì, ògiri ya, òrùlé sì wó lulẹ̀ lójú ìyá wọn.

Kò sunkún. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Adido.

Ó tó ọdún kan kí àwọn ọmọ méjèèjì tó jọ wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyá, a ti parí ìjà. A ti kó igi náà jọ. A máa tún un kọ́ fún yín."

Madeleine wo ọwọ́ olùkọ́, ó wo ọwọ́ àgbẹ̀.

"Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló kọ́ iṣẹ́ bàbá yín?"

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ nínú wọn. Ìgbà yẹn ni omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lójú Madeleine.