Mẹ́mọ̀rì Tó Ń Dúró De Òjò

Mọ́ládé ṣí páálí mẹ́mọ̀rì, ó mú ọ̀kan, ó fi aṣọ rírọ̀ nu ẹnu rẹ̀ kí ó tó kì í bọ inú kọ̀ǹpútà. Ọgọ́ta ni wọ́n, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, kò sí èyí tó gùn ju ìka lọ. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni Sodiqat tó fẹ́ rà wọ́n ń bọ̀ láti Ìbàdàn, kò sì ní ra èyí tí wọn kò bá dán wò.

Ràsáàkì gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń wò ó. Oníṣòwò iṣu ni. Owó àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ra ọjà náà pamọ́ sí ṣọ́ọ̀bù Mọ́ládé ní Ìṣẹ́yìn, àdéhùn wọn sì ni pé ẹnìkan kò gbọdọ̀ dá a tà.

"Ìyá Ọpẹ́, ẹ̀ ń kánjú," ni ó wí fún Mọ́ládé. "Àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun ti pa irú èyí tì, ti àwọn ẹ̀rọ ràgàjì tó ń ronú bí èèyàn ni wọ́n ń ṣe. Èyí máa tún wọ́n sí i. Ta ló ń ta iṣu nígbà tí abà gbogbo èèyàn ṣì kún?"

"Iṣu náà ń jẹrà, Bàbá Waheedat. Bí kọ̀ǹpútà tuntun bá dé, ta ló máa wo èyí? Ojú yín méjèèjì pé. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún tèmi."

Awọ funfun ti ń bo ẹyinjú ọ̀tún rẹ̀ láti èṣí. Bí ojú náà bá lọ, iṣẹ́ àtúnṣe lọ nìyẹn. Ràsáàkì mọ̀, síbẹ̀ ó mi orí.

Bó ṣe ń dán wọn wò kò le. Yóò ní kí kọ̀ǹpútà kọ lẹ́tà A sí gbogbo inú mẹ́mọ̀rì, kó sì kà á padà. Bí A bá pé, ara rẹ̀ dá. Tí iná bá ti kúrò lára mẹ́mọ̀rì, ó gbàgbé ohun gbogbo nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a.

Mọ́kàndínlọ́gọ́ta pé. Ohun tí ìkẹyìn kà padà kì í ṣe A, odidi ọ̀rọ̀ kan ni.

Ó yọ ọ́. Òtútù ọyẹ́ lè mú kí ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbàgbé, ó mọ ìyẹn. Ó sá a sójú fèrèsé fún wákàtí kan, ó dá a padà. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀.

"Bóyá ojú mi ni. Ẹ bá mi kà á."

Ràsáàkì sún mọ́ ọn. "E je ki ojo koko ro."

Ó tún kà á, ó fi ohùn sí i: "Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ rọ̀." Irun apá rẹ̀ dìde.

Festus tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀lé ti Mọ́ládé ló máa ń tẹ ọ̀rọ̀ yẹn sójú kọ̀ǹpútà láti fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, nígbàkígbà tí Mọ́ládé àti Ràsáàkì bá ń jiyàn lórí ìgbà tó yẹ kí wọ́n ta ọjà wọn, torí ìgbà òjò ni iṣu máa ń wọ́n. Ó kú ní èṣí, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, Olúwafọlákẹ́mi, ni wọ́n ti ra àwọn mẹ́mọ̀rì tirẹ̀, tí wọ́n dà wọ́n mọ́ tiwọn. Kọ̀ǹpútà tó ń lò ti di àkísà irin.

Ọyẹ́ bo títì níta, àwọn ọkọ̀ ń tan iná lọ́sàn-án gangan.

"Ẹ tà wọ́n," ni Ràsáàkì wí.

"Bọ̀dá Festus ní ká dúró kẹ̀."

"Òun náà dúró. Níbo ló wà?"

Sodiqat san ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gbọ̀n náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Mọ́ládé fi ìkẹyìn sínú dúrọ́ọ̀, ó sì lọ ṣe ojú rẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Nígbà tó dá, Mọ́ládé ki mẹ́mọ̀rì náà bọ kọ̀ǹpútà, ó ní kó kọ A. A ni ó kà padà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú ọ̀tún nìkan ni Mọ́ládé sì fi wò ó. Lọ́jọ́ yẹn, bí Ràsáàkì ṣe fọwọ́ sí i, Sodiqat san ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì lórí ẹyọ kan ṣoṣo náà. Mọ́ládé gbé owó náà lọ fún Olúwafọlákẹ́mi, ìyàwó Festus.