Orúnkún Ondrej

Nígbà tí bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di iṣẹ́ oúnjẹ nílùú àwọn awakùsà ní Pẹnsilfáníà, fífò ni Ondrej Hruška fi ń jẹun. Kò mọ eré sá, kò sì mọ bọ́ọ̀lù jù sí àwọ̀n dáadáa. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà náà, bí bọ́ọ̀lù bá ti wọlé báyìí, gbogbo wọn á padà sí àárín, adájọ́ á sọ ọ́ sókè, ẹni gíga méjì á sì fò sí i. Ọdún mẹ́tàlá gbáko ni ọwọ́ Ondrej fi ń kọ́kọ́ kàn án. Ẹgbẹ́ rẹ̀ á jù ú wọlé, wọ́n á tún gbà á. Ta ni kò ní fẹ́ràn irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀?

Ẹnu ara rẹ̀ ló kó bá a. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ pe àwọn balógun agbábọ́ọ̀lù jọ pé kí wọ́n sọ tinú wọn. Ondrej, balógun ẹgbẹ́ tirẹ̀, dìde, ó ní fífò náà ti pọ̀ jù, orúnkún òun ti wú bíi búrẹ́dì. Kí wọ́n dín in kù ló ní lọ́kàn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n sì fagi lé e pátápátá: ẹgbẹ́ tí wọ́n bá jù ú sí àwọ̀n wọn ni yóò kàn gbé bọ́ọ̀lù, kí eré máa lọ.

Doyle, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, sọ pé ìdíje àkọ́kọ́ lábẹ́ òfin tuntun lòun máa fi mọ̀ bóyá Ondrej ṣì wúlò.

Ẹgbẹ́ wọn ló kọ́kọ́ jù ú wọlé. Ondrej rìn lọ sí àárín, ó tẹ orúnkún, ó na ọwọ́, ó ń wá ojú adájọ́. Àwọn alátakò gba ọ̀tún gba òsì rẹ̀ kọjá, wọ́n sì jù ú wọlé lẹ́yìn rẹ̀.

Òǹwòran kan sọ láti ẹ̀yìn wáyà tí wọ́n fi yí ojú eré ká pé, "Ẹ bá bàbá gbé àga, ọkọ̀ ló ń dúró dè."

Gbogbo gbọ̀ngán rẹ́rìn-ín. Ilona ìyàwó rẹ̀ ń wo bàtà ara rẹ̀. Doyle pè é jáde.

"Ẹsẹ̀ ló gbàgbé, Doyle. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

"Ṣebí ìwọ lo ní ó pọ̀ jù? Wọ́n ti bá ẹ yọ ọ́. Lọ sinmi, kò sí iṣẹ́ fún ẹ mọ́."

Ó jókòó. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tún jù ú wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ tún fẹ́ dìde lọ sí àárín. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún náà mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, orúnkún náà kò tilẹ̀ dùn ún rárá.